Mo Fi Sátẹ́láìtì Tan Àwọn Awakọ̀ Ẹdẹ

Rádíò méje ni mo fi irọ́ tà fún àwọn awakọ̀ ní ìlú Ẹdẹ. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń ṣírò ọjà, ìwé náà sì wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Iṣẹ́ títún rádíò ṣe ni mo kọ́, òun náà ni mo ń ṣe jẹun. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mo sì ti sọ ọ́ lójú márùn-ún nínú àwọn méje náà. Mo wá ń sọ ọ́ síta báyìí nítorí pé ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì tuntun ti tún gba ẹnu àwọn awakọ̀ kan ní páàkì, mo sì ń gbọ́ bí àwọn ọmọdé tí ń ta ọjà bíi tèmi ṣe ń dá wọn lóhùn. Bí èmi náà ṣe dá wọn lóhùn nígbà náà gan-an nìyẹn.

Ẹni tí kò bá wa ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn rí lè máa wò ó pé kí ni rádíò ń ṣe fún awakọ̀ tí yóò fi kó owó àjọ oṣù mélòó kan lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọkọ̀ yóò gbéra ní Ẹdẹ ní ìdájí, rádíò Òṣogbo yóò máa sọ̀rọ̀ ketekete. Wọ́n á kọjá Àkọ́dà, wọ́n á dé Gbọ̀ngán, ohùn ṣì wà. Bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ Ìkirè, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, yóò máa lọ, yóò máa bọ̀. Ṣàdédé, ohùn mìíràn láti Ìbàdàn á já wọ inú rẹ̀. Ẹnu ibi tí ìròyìn ti fẹ́ sọ ibi tí táńkà ṣubú sí lójú ọ̀nà Èkó gan-an ni yóò ti gé. Awakọ̀ á máa fi ọwọ́ kan yí rádíò, á fi ọwọ́ kejì di ọkọ̀ mú, àwọn èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì máa sùn. Bí ó bá gba apá òkè lọ, láti Èjìgbò sí Ògbómọ̀ṣọ́, ohun kan náà ni. Ìgbì FM dà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì: ibi tí ó bá dojú kọ ni ó ń lọ. Òkè ń dí i, bí ilẹ̀ ayé ṣe tẹ̀ roboto náà ń dí i. Ti short wave, èyí tí bàámi fi ń gbọ́ London lálẹ́ nínú rádíò onípákó ńlá rẹ̀, jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òkè ọ̀run ni ó ń lọ gbá kí ó tó padà wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ a sì tún máa dà á rú.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn dé egungun nígbà tí mo kọ́kọ́ rí rádíò sátẹ́láìtì ní Alábà, l'Ékòó. Ọmọ Áfíríkà ni ó dá ilé iṣẹ́ tí ó ni ín sílẹ̀, Noah Samara, tí wọ́n bí ní Addis Ababa, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Sudan, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Ethiopia. Ní 1990 ni ó dá WorldSpace sílẹ̀ ní Washington, ó ní òun fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìlera, pàápàá ti àrùn éèdì, dé ibi tí rádíò kò dé ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1998, wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé AfriStar, sátẹ́láìtì wọn, lọ sókè láti Kourou ní Guyana ti ilẹ̀ Faransé. Ó dúró sókè ilẹ̀ Áfíríkà ní kìlómítà 35,786 sí orí ìlà tí ó pín ayé sí méjì, ó ń bá ayé yí, nítorí náà lójú wa kò kúrò lójú kan. Kí irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ wà fún Áfíríkà kí Amẹ́ríkà tó ní tirẹ̀ fún rádíò ọkọ̀, ohun ìwúrí ni, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ba iyì iṣẹ́ náà jẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo gbé e dé Ẹdẹ, mo gbé ẹ́ríà rẹ̀ lé orí tábìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ́ríà náà rí pẹlẹbẹ, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo kọ ọ́ sí ìhà ìlà-oòrùn, mo yí i sí gúúsù díẹ̀, mo sì jẹ́ kí ó wo òkè gan-an, nítorí pé ní ìlú tiwa, AfriStar fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí. Ó dákẹ́. Mo sún un díẹ̀. Ó dákẹ́. Mo tún sún un, BBC sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni pé olóòtú ìròyìn náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Kò hó rárá. Àwọn ará àdúgbò kó ara wọn jọ. Àgbàlagbà kan ní ó ṣe òun bí ìgbà tí Tìmì Láoyè bá ń lùlù. Ẹni tí ó bá mọ Ẹdẹ mọ ohun tí ó ní lọ́kàn: Ọba John Adétóyèsè Láoyè, tí ó jẹ Tìmì Ẹdẹ láti 1946 títí di 1975, ọ̀gá onílù ni, ó mọ dùndún débi pé ó kọ̀wé lé e lórí, ọ̀rọ̀ tí ó bá sì fi ìlù sọ kì í ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti gbọ́.

Kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ fi gbọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀?"

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo ti dán an wò. Mo fi téèpù lẹ ẹ́ríà náà mọ́ orí ọkọ̀ mi, mo sì wa ọkọ̀ náà lọ sí Sékọ̀nà. Níbi tí ojú ọ̀run bá ti ṣí, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Bí a bá dé abẹ́ igi, ó kú. FM a máa hó kí ó tó lọ, ìwọ náà á mọ̀ pé ó ń lọ. Ti sátẹ́láìtì kò rí bẹ́ẹ̀: bí kò bá ti gbọ́ tán, kò gbọ́ rárá. Bí a bá kúrò lábẹ́ igi, yóò tún jókòó wá ohùn náà kiri. Mo kà á lọ́jọ́ náà, mo ka mẹ́wàá, mo ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgbà kan wà tí mo ka ogún kí ó tó padà. Bí ọ̀nà bá yí, ẹ́ríà á yí kúrò lójú ibi tí ó yẹ kí ó máa wò. Bí mo bá sì gbé e wọ inú ọkọ̀ lábẹ́ irin, ó parí nìyẹn. Rádíò tí a ṣe fún ojú kan ni. Inú ilé, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ibi tí ẹnìkan lè kọ ẹ́ríà rẹ̀ síta kí ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti dára.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀, mo sì ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ dáadáa."

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Màá gbé rádíò náà lọ sí páàkì, màá ní kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí àárín gbangba níbi tí kò sí igi. Màá gbé ẹ́ríà lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá kọ ọ́ síbi tí ó yẹ. Ọkọ̀ ti dúró, ẹ́ńjìnì ti kú. Rádíò á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Awakọ̀ á jókòó sí ààyè rẹ̀, á gbọ́ ọ, á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ohùn kan náà ni ẹ ó máa gbọ́ láti Ẹdẹ títí dé Èkó," ni màá wí. "Ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́." Kò sí ẹni tí ó ní kí a wa ọkọ̀ náà yípo ká wò ó. Èmi ni mo yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Láti ọdún 2002 dé 2006 ni mo ta àwọn méje náà. Àwọn kan padà wá bi mí, mo ní wọn kò lẹ ẹ́ríà náà dáadáa. Àwọn kan kò padà wá. Wọ́n gbà pé àwọn ni kò mọ̀ ọ́n lò. Èyí ń dùn mí ju ti àwọn tí ó bú mi lọ.

Ẹni kẹta tí ó rà á ni Alhájì kan tí ń wa ọkọ̀ J5. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ J5 mọ̀ pé ẹrù ni ó ń gbé lórí: ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu, apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Kò sí ibi tí ẹ́ríà máa dúró sí lókè ọkọ̀ náà tí ẹrù kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Èyí náà mo mọ̀ kí n tó gba owó Alhájì. Nígbà tí kò rí ọgbọ́n dá sí i, ó ní kí ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ máa fi ọwọ́ di ẹ́ríà náà mú síta láti ojú fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọ náà. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n gba èrò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, lójú ọ̀nà Èjìgbò, ẹ̀ka igi kan tí ó yọ sójú títì gbá ọwọ́ rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Ọ̀dọ̀ bàbá tí ń to egungun ni wọ́n gbé e lọ.

Alhájì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ kẹta. Kò pariwo. Ó gbé rádíò náà kalẹ̀, ó ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sì bi mí pé, "Ṣé bó ṣe yẹ ká lò ó nìyẹn?" Mo dá a lóhùn pé, "Alhájì, kò yẹ kí ẹ jẹ́ kí ọmọdé dì í mú." Mo gbé ẹ̀bi lé e lórí. Ó wò mí, ó gbé rádíò rẹ̀, ó lọ. Mi ò dá owó padà, mi ò sì lọ wo ọmọ náà.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, ilé iṣẹ́ WorldSpace lọ sí kóòtù ní Amẹ́ríkà láti sọ pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, NigComSat-1, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tiwa, tí wọ́n gbé lọ sókè láti ilẹ̀ Ṣáínà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, kú sójú ọ̀run nítorí pé iná tí ó ń rí gbà láti ara oòrùn dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní òpin ọdún 2009, ohùn AfriStar náà dákẹ́ lọ́dọ̀ wa. Mo jẹ́wọ́ pé ara tù mí nígbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè rádíò rẹ̀, mo ní ohun tí mo lè tọ́ka sí: "Àwọn òyìnbó ti kógbá sílé, ẹ má bínú." Mo fi ìpalẹ̀mọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn bo irọ́ tèmi mọ́lẹ̀. Irọ́ náà sì ti dàgbà kí ilé iṣẹ́ yẹn tó ṣubú.

Ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni wọ́n gbé NigComSat-1R lọ sókè láti rọ́pò èyí tí ó kú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, awakọ̀ méjì ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi: ṣé tuntun yìí máa fún àwọn ní rádíò nínú ọkọ̀? Ẹnu mi ti là. Mo ti fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá kọjá ní ìkángun títì, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó sì ń fi apá òsì rẹ̀ ti í ju ọ̀tún lọ. Mi ò mọ̀ bóyá òun ni ọmọ ọkọ̀ Alhájì tàbí òun kọ́. Mo pa ẹnu dé. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n lọ wádìí rẹ̀.

Ìwádìí náà ni ó kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo ti ń pera mi ní ọ̀gá nínú rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní rádíò sátẹ́láìtì tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tí ń sáré, láti ọdún 2001 tí ilé iṣẹ́ XM ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe sátẹ́láìtì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe é. Méjì ni XM gbé sókè, wọ́n fi wọ́n sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí igi tàbí ilé tí ó bá dí ọ̀kan má baà dí èkejì. Ohun tí sátẹ́láìtì kìíní bá sọ, èkejì a tún un sọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́rin, rádíò inú ọkọ̀ á sì máa tọ́jú ohùn náà pa mọ́. Bí ọkọ̀ bá kọjá lábẹ́ afárá, ohun tí ó ti tọ́jú ni yóò máa lò títí yóò fi jáde. Awakọ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan gé. Nínú àwọn ìlú ńlá tí ilé gogoro wà, wọ́n tún ri òpó mọ́lẹ̀ tí ń gba ohùn náà tí ó sì ń tún un sọ. Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, onílù ààfin ni mo rántí: bí ohùn ìlù kan kò bá dé apá kejì ìlú, onílù tí ó wà láàárín ni yóò gbà á, tí yóò sì lù ú sọ́hùn-ún.

NigComSat-1R kò ní irú ètò yẹn. Tẹlifíṣọ̀n, íntánẹ́ẹ̀tì àti ìbánisọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbì L-band tí ó wà lára rẹ̀, tí ó jọ èyí tí AfriStar fi ń sọ̀rọ̀, ti ìtọ́sọ́nà ọkọ̀ òfúrufú àti ti ọkọ̀ ilẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn awakọ̀ méjì náà padà wá, mo sọ fún wọn pé kò ní fún wọn ní rádíò. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìwọ kọ́ ni o ta èyí àkọ́kọ́ fún wa?" Mo ní èmi ni. Mo ní irọ́ ni mo pa.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ sí ilé Alhájì. Kò wakọ̀ mọ́, ojú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìrìn Sékọ̀nà tí mo fi dán an wò. Mo gbé owó kalẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Èmi gbàgbọ́ ohun tí o sọ, mo sì fi í rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ni kí o gbé e lọ, kí o sì fi kún un." Ó rán ọmọ ọmọ rẹ̀ láti mú mi lọ. Ọmọ ọkọ̀ náà kọ́ ni mo rí tí ń ti kẹ̀kẹ́. Ó ti ń kọ́ iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì ní Òkè-Gáda. Ọwọ́ rẹ̀ kò ká tán dáadáa, òòlù kì í pẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba owó náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ìdúpẹ́ yẹn sì nira fún mi ju èébú lọ.

Ohun tí ó wá ń ṣẹlẹ̀ báyìí ni mo fẹ́ kí gbogbo awakọ̀ Ẹdẹ gbọ́. Àwọn ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ SAT tàbí XM sí lára. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ níbí, kò ní sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ wa kan ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò "ṣí i." Àwọn mìíràn ní sátẹ́láìtì tuntun tí SiriusXM, ilé iṣẹ́ tí XM ti di apá kan rẹ̀, gbé sókè yóò jí i. Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ náà ń gbé tuntun sókè: SXM-7 kú ní oṣù Kìíní ọdún 2021 lẹ́yìn oṣù kan péré tí ó dé òkè, SXM-8 tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn kan náà, SXM-9 lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, SXM-10 lọ ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Ohùn wọn yóò mọ́ sí i fún àwọn awakọ̀ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ìhà Àríwá Amẹ́ríkà ni wọ́n dúró sí, ibẹ̀ ni wọ́n kọjú sí. Láti Ẹdẹ, ìsàlẹ̀ ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀ ni wọ́n wà. Bí ẹ bá gun orí òkè tí ó ga jù ní gbogbo Ọ̀ṣun, ẹ ò lè rí ohùn wọn gbà. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ nítorí bọ́tìnnì yẹn.

Ti NigComSat-2A àti 2B tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde, ọ̀rọ̀ mi yàtọ̀. Ọdún 15 ni wọ́n ṣírò fún 1R, ó máa pé ní 2026, nítorí náà ó yẹ kí a ní tuntun. Sátẹ́láìtì méjì sì ni wọ́n ń wí. Bí wọ́n bá lè fi àyè ohùn rádíò ọkọ̀ sínú wọn, tí wọ́n fi agbára tí ó tó sí i kí ewé igi má lè pa á, tí wọ́n sì ri òpó atúnsọ sí Gbọ̀ngán, Ìkirè, Èjìgbò àti àwọn ibi tí ohùn ti ń gé, awakọ̀ lè gbọ́ ìròyìn ojú ọ̀nà láti Ẹdẹ dé Èkó láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe. Àwọn kan ti ṣe é níbòmíràn. Mo bẹ àwọn tí ń bá wọn sọ̀rọ̀ l'Ábújá kí wọ́n rántí awakọ̀, kí wọ́n béèrè rẹ̀ nísinsìnyí tí wọn kò tíì gbé e lọ sókè, nítorí pé ohun tí kò bá sí nínú sátẹ́láìtì kí ó tó fò, kò sí ẹni tí yóò gun òkè lọ fi sí i.

Títí ọjọ́ yẹn yóò fi dé, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta rádíò sátẹ́láìtì fún yín, ẹ má jẹ́ kí ó fi hàn yín ní páàkì. Ẹ ní kí ó jókòó tì yín, kí ẹ wa ọkọ̀ náà lọ sí Sékọ̀nà kí ẹ sì padà, kí ẹ tó sanwó.

Nínú àwọn méje tí mo ta, mo ti rí márùn-ún. Mẹ́rin gba owó wọn, Alhájì ní kí n gbé tirẹ̀ fún ọmọ náà. Ó ku méjì. Ọ̀kan ń wa bọ́ọ̀sì aláwọ̀ funfun nígbà náà, ó ra tirẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2004. Èkejì sọ fún mi pé Àrá ni ilé òun, ó ra tirẹ̀ ní ìparí ọdún 2005. Bí ẹ bá ka èyí, tàbí tí àwọn ọmọ yín bá kà á, ẹ wá. Ṣọ́ọ̀bù mi kò kúrò níbi tí ẹ ti bá mi nígbà yẹn. Owó yín wà nílẹ̀.